Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Ọjọ́ Àlàmísì ló dé, lẹ́yìn òjò,
bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀.
Ó dúró níwájú ilé ìlọ̀gbágùúdá mi ní Òmù-Àrán,
kò wọlé.
Mo ń yọ èèpo kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.
Mo ti dá a mọ̀ kó tó lanu:
Múfútáù, ọmọ Ràbíù oníkẹ̀kẹ́,
ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì mi ní nọ́ọ̀tì-nọ́ọ̀tì
lóru ọjọ́ tí a sin ọkọ mi.

Ọdún méje ló ṣe l'Ókè-Kúrá.
Adájọ́ kà á, èmi náà kà á.
Nínú rẹ̀, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin
ni mo fi ọwọ́ rin gbágùúdá lára páànù onísòó
kí Alájẹṣẹ́kù tó yá mi lówó.
Àpá rẹ̀ nìyí lórí ìka mi.

"Màmá, iṣẹ́ ni mò ń wá.
Wọ́n kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún.
Mo ti dé ọ̀dọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù, mo dé ilé epo,
mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ní tirélà.
Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la.
Ọ̀la yẹn, Màmá, ó ti pé oṣù mẹ́ta."

Mo ní, "O ò tíì bẹ̀ mí."
Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
N kò tètè ní kó dìde. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Ìyá Fadékẹ́mi, tó gbé agbada gbágùúdá sílẹ̀, mí kanlẹ̀:
"Bí a bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí a dàrán bora,
aṣọ olè la dà bora."
Àgbà kì í parọ́.
Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ náà títí, n kò rí àrán.
Ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bọ́tìnnì méjì ló kù.
Àrán tó wà nítòsí, inú orúkọ ìlú wa ló wà,
gbogbo wa la sì jọ dà á bora:
èmi tí mo lu ìdí kóńgò wọnú lọ́dún tí gàárì wọ́n,
òun tó ń pòwe, tó jẹ mí lówó ìlọ̀ láti ọdún ìdíbò.

Ọdún méje ni adájọ́ dá.
Kò dá ọdún kẹjọ.
Ta ló wá ń dá a?
Kóòtù kejì ti jókòó nílé epo,
ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tirélà,
kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rí,
kò sí ọjọ́ ìdásílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú.
Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ ọ́:
"Atẹ́gùn ló wọ ọ̀nà dísù rẹ̀, Màmá."
Mo ju sípánà sí i.
Ọwọ́ tó tú ti àkọ́kọ́ mọ ọ̀nà.
Kó tó di pé omi gbóná, ẹ̀rọ ti ń lọ̀.

Ẹ má yìn mí.
Irin tí a fi ń yí i, mo gbé e lọ sílé,
mo fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sùn lé e lórí,
oṣù kan gbáko.
Ó mọ̀. Láràárọ̀ ló ń wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà,
á ní, "Ẹ kú oorun o," á gbé e léjìká.

Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn,
ó dé, ó dúró síta, kò wọlé.
Mo ní, "Wẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìṣó kan wà níbẹ̀."
Kọ́kọ́rọ́ ọkọ mi ló wà lórí rẹ̀,
ó ti dípẹtà.
Ó gbọ́ ohun tí mo wí, síbẹ̀ ó ní kí n tún un sọ.
Mo tún un sọ.

Lórí ẹní ni mo wà tí ẹ́ńjìnnì fi ké lókèèrè.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ọ̀tì rẹ̀ nínú ọkàn mi,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.
Mo ka dé mẹ́rin.
Oorun gbé mi lọ.